Orí Karùn-ún: Ilẹ̀ Etí Omi, Ilẹ̀ Gbogbo Ọmọ Ìlú

Èróńgbà ẹ̀kọ́

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kí ó lè:

(a) sọ ohun tí ilẹ̀ àjùmọ̀ní jẹ́, kí ó sì tọ́ka sí irú rẹ̀ ní abúlé tirẹ̀;
(b) ṣàlàyé bí ilẹ̀ etí omi ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ ará ìlú díẹ̀díẹ̀;
(d) fi Bar Beach ní Èkó wé igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo;
(e) dárúkọ òfin tàbí ìdájọ́ mẹ́ta, ó kéré tán, tí ará abúlé lè dìmú láti dáàbò bo etí odò wọn.

5.1 Ìbàdàn kò ní etíkun, ó ní etí omi

Láti Mọ́níyà dé Akánrán, láti Ìyànà Ọ̀fà dé Ẹ̀gbẹ́dá, ó ṣòro láti rí abúlé tí kò ní omi tirẹ̀. Ó lè jẹ́ ìsun lábẹ́ igi àràbà, ó lè jẹ́ odò kékeré tí ẹ̀ẹ̀rùn ń gbẹ, ó sì lè jẹ́ adágún ńlá bíi ti Aṣèjirẹ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dá, níbi tí wọ́n ti sé Odò Ọ̀ṣun kí Ìbàdàn lè rí omi mu. Ẹ̀bá omi wọ̀nyí ni àwọn obìnrin ti ń fọ ẹ̀gẹ́ tí wọn yóò fi ṣe láfún. Ibẹ̀ ni ọmọdé ti ń kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, ibẹ̀ ni apẹja ń so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́. Ìjọ aláṣọ funfun ń lọ gbàdúrà níbẹ̀, oníṣẹ̀ṣe náà sì ń bọ omi níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ń gba owó ẹnu-ọ̀nà.

Ará Èkó ní etíkun. Ohun tí etíkun jẹ́ fún wọn ni etí odò jẹ́ fún ará oko Ìbàdàn. Ìdí nìyí tí orí yìí yóò fi máa lọ sí Èkó, tí yóò sì máa padà sí Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ó tó tẹ̀síwájú nìyí.

Ilẹ̀ àjùmọ̀ní ni ilẹ̀ tí gbogbo ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti lò, tí ẹnì kan ṣoṣo kò sì lè dá tà: ọjà, ojúde, ọ̀nà odò, igbó ọdún, bèbè omi.

Àkùrọ̀ ni ilẹ̀ ọlọ́rinrin létí odò tí a ń gbin ẹ̀fọ́, ata àti àgbàdo sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí òjò bá pọ̀, omi a máa bò ó. Ilẹ̀ tí omi ń yà sí ni.

Àlàfo odò ni ìwọ̀n ilẹ̀ tí òfin ètò ìlú ní kí a fi sílẹ̀ láàárín omi àti ògiri ilé. Bí odò bá ṣe tóbi tó ni àlàfo rẹ̀ yóò ṣe fẹ̀ tó.

Jíjẹ ààlà ni kí ènìyàn máa fi ọgbà, oko tàbí ilé wọ inú ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Àfisọ́wọ́ ni ohun tí a fi sí ìkáwọ́ ẹnì kan kí ó máa tọ́jú rẹ̀ fún àwọn tó ni ín. Kò lè tà á bí ẹni ta ẹrù ara rẹ̀.

5.2 Ta ló ni ín?

Ní ọdún 1913, ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ kan ní Apápá. Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó, béèrè owó gbà-má-bínú ilẹ̀ náà lórúkọ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ìjọba ní owó ìṣákọ́lẹ̀ tí Olúwa ń gbà nìkan ni òun yóò san fún un, nítorí pé kì í ṣe Olúwa ló ni ilẹ̀. Ẹjọ́ náà lọ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tí ó ga jù ní Lọ́ńdọ̀nù. Olúwa fúnra rẹ̀ rìnrìn àjò lọ síbẹ̀, Herbert Macaulay sì tẹ̀ lé e. Ní ọdún 1921, ìgbìmọ̀ náà dájọ́ pé ní ilẹ̀ yìí, ìlú, abúlé tàbí ẹbí ni ó ni ilẹ̀. Olóyè tàbí olórí ẹbí ń dì í mú fún wọn ni, gẹ́gẹ́ bí àfisọ́wọ́, ìjọba sì gbọ́dọ̀ san owó gbà-má-bínú tó péye fún àwọn tó ni ín.

Ìdájọ́ yìí ṣe pàtàkì fún akẹ́kọ̀ọ́ nítorí pé ọ̀nà méjì ni ó fi gé. Ó dá ìjọba dúró, ṣùgbọ́n ó dá mọ́gàjí àti baálẹ̀ dúró pẹ̀lú. Mọ́gàjí tí ó ta ọ̀nà odò fún oníṣòwò ilẹ̀ ta ohun tí wọ́n fi sọ́ ọ lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1978 ni Òfin Lílo Ilẹ̀ jáde. Ó fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà kí ó máa dì í mú fún àǹfààní gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Àfisọ́wọ́ náà ni èyí jẹ́, ṣùgbọ́n lọ́wọ́ ìjọba lọ́tẹ̀ yìí. Òfin kan náà fún gómìnà láṣẹ láti gba ilẹ̀ padà fún àǹfààní gbogbogbò, kí ó sì san owó irè oko, ilé àti àtúnṣe tó wà lórí rẹ̀. Kò ní kí ó san owó ilẹ̀ lásán. Èyí ni àwọn ará abúlé máa ń fi ìbànújẹ́ rí nígbà tí wọ́n bá ka àwọn ẹsẹ̀ kòkó wọn tán, tí wọ́n sì béèrè pé, ilẹ̀ ńkọ́?

5.3 Bí etí odò ṣe ń lọ

Etí odò kì í lọ lọ́jọ́ kan. Bí ó ṣe máa ń lọ nìyí.

Ẹbí kan nílò owó, wọ́n ta ilẹ̀ òkè, ibi tó gbẹ dáadáa. Súfèyọ̀ dé, ó ri òpó ààlà mọ́lẹ̀, ó ya ilẹ̀ sí púlọ́ọ̀tì púlọ́ọ̀tì. Lórí ìwé, àwọn ìlà rẹ̀ gùn títí wọ́n fi kan omi, nítorí pé kò sí ẹni tó sọ fún un ibi tí ilẹ̀ ẹbí parí sí tí ti gbogbo ìlú bẹ̀rẹ̀. Ilé kún òkè. Ó wá ku àkùrọ̀. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ẹni tí kò lágbára ilẹ̀ òkè sì rà á. Ó da yanrìn àti àfọ́kù búlọ́ọ̀kù sí i kí ó lè ga. Omi tí ń sinmi níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ yà sí ọ̀dọ̀ aládùúgbò, aládùúgbò náà bá da tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan mọ ògiri dí ọ̀nà odò, tí àwọn obìnrin tó ń lọ fọ ẹ̀gẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí gba ẹ̀yìn ilé-ìwé. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn èyí, ọmọdé tí a bá bi léèrè ibi tí ọ̀nà odò wà yóò tọ́ka sí gééètì.

Nínú gbogbo ìtàn yìí, kò sí ọjọ́ kan tí katakata dé láti gba ilẹ̀ ìlú. Ìdí nìyí tí òfin tó wà fún iṣẹ́ ńláńlá kò fi rí i. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1992 lórí àyẹ̀wò ipa iṣẹ́ lórí àyíká béèrè àyẹ̀wò bí ẹnì kan bá fẹ́ kó yanrìn dí etíkun tó fẹ̀ tó 50 hẹ́kítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí bí ó bá fẹ́ kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì etíkun tí yàrá rẹ̀ ju 80 lọ. Púlọ́ọ̀tì tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 60, tó sì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 120, kò tó hẹ́kítà kan, kò tilẹ̀ tó ìdá mẹ́wàá rẹ̀. Ó máa gba irú púlọ́ọ̀tì bẹ́ẹ̀ tó lé ní 740 kí ó tó di 50 hẹ́kítà. Etí odò abúlé lè tán pátá láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣe ohun tí òfin yẹn kà sí iṣẹ́ ńlá.

Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí yá kánkán lásìkò yìí kò ṣòro láti rí. Nígbà kan rí, oko ni ọ̀pọ̀ ibi tí a ń pè ní àdúgbò lónìí. Wọ́n ṣí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Mọ́níyà ní ọdún 2021, ọ̀nà ńlá tí wọ́n ń la yí Ìbàdàn ká sì ń kọjá láàárín àwọn abúlé tí awakùsà àti àgbẹ̀ nìkan mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ibi tí ọ̀nà bá gbà ni owó ilẹ̀ ń gbà.

5.4 Ohun tí omíyalé fi kọ́ Ìbàdàn

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, Odò Ògùnpa kún, ó sì ya wọ inú ìlú. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ṣòfò, ilé àti ṣọ́ọ̀bù lọ, ọgbà ẹranko àti ọgbà ewéko tó wà ní Agodi náà sì fara gbá a. Títí di òní, àwọn àgbà Ìbàdàn ń fi ọjọ́ náà ka ọjọ́ orí ọmọ.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, òjò mìíràn rọ̀. Ó lé ní 100 ènìyàn tó kú. Afárá wó, odò wọlé sí àwọn tí wọ́n kọ́lé sí ojú ọ̀nà rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni Ilé Ìfowópamọ́ Àgbáyé yá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lówó fún ètò ìdènà omíyalé Ìbàdàn, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2014.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ rọrùn láti fi ojú rí. Àkùrọ̀ tí kò sí ilé lórí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bíi kànìnkànìn: ó ń fa omi mu, ó ń dá a dúró, ó sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí a bá fi kọnkéré bò ó, gbogbo omi yóò sáré lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó wà nísàlẹ̀ odò ni yóò sì gbà á. Ìyẹn ni pé ọgbà ìgbafẹ́ létí omi kì í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì nìkan. Bí abúlé kan ní Lágelú bá pa àkùrọ̀ rẹ̀ mọ́, ó ń dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀ rí nínú Ìbàdàn.

Ẹlẹ́yẹlé jẹ́ àpẹẹrẹ mìíràn. Ọdún 1942 ni wọ́n sé Odò Ọ̀nà níbẹ̀ kí ìlú lè rí omi. Wọ́n gbin igi yí adágún náà ká kí erùpẹ̀ má baà máa ṣàn wọ inú rẹ̀. Bí ilé àti oko ṣe ń jẹ ààlà igbó náà ni erùpẹ̀ ń wọlé, ni ibú omi ń di ibi tí kò jìn mọ́.

5.5 Bar Beach: etíkun tó di ìlú

Ẹni tó bá gbé Èkó kí ọdún 2000 tó dé kò ní ṣàì mọ Bar Beach ní Victoria Island. Ọjọ́ ọdún, èrò a kún un bámúbámú. Ẹni tó fẹ́ gun ẹṣin ń gun ẹṣin, aládùúrà ń gbààwẹ̀ níbẹ̀, oníṣu sísun àti oníṣúyà ń tajà. Owó ọkọ̀ nìkan ni tálákà nílò láti rí òkun.

Òkun pẹ̀lú ń jẹ etíkun náà. Láàárín ọdún 1908 sí 1912, wọ́n to òkúta wọ inú òkun ní ẹnu ọ̀nà ọ̀sà Èkó kí ọkọ̀ ojú omi lè wọlé láìséwu. Ìgbì máa ń kó yanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn; òkúta yìí dá a dúró. Yanrìn pọ̀ ní apá kan, ó sì ń dín ní Bar Beach. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba ń da yanrìn sí i, tí òkun sì ń kó o lọ. Nígbà mìíràn omi máa ń gba títì Ahmadu Bello.

Ojútùú tí wọ́n yàn ni ògiri òkúta tí gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 8.5, àti ìlú tuntun lẹ́yìn rẹ̀ lórí yanrìn tí wọ́n fà láti inú òkun: Eko Atlantic, tó fẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 10 níbùú lóròó. Iléeṣẹ́ aládàáni ló ń ṣe é, pẹ̀lú àṣẹ ìjọba. Ní oṣù Kejì ọdún 2013, Bill Clinton, ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, wà níbi ayẹyẹ rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012, òkun ti ya lu àwọn tó ń gbé etíkun Kuramo tó wà nítòsí, ó sì gbé ènìyàn lọ. Àwọn kan sọ pé iṣẹ́ náà ló dá ìgbì sí ibẹ̀. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà kò gbà.

Akẹ́kọ̀ọ́ ní láti ya ìbéèrè méjì sọ́tọ̀ níhìn-ín. Èkíní: ǹjẹ́ ó yẹ kí wọ́n dá òkun dúró? Ó yẹ, nítorí pé òkun ń jẹ ìlú. Èkejì: ǹjẹ́ dídá òkun dúró túmọ̀ sí pé etíkun gbọ́dọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ará ìlú? Ìdáhùn ìkíní kò dáhùn ìkejì. Ní Èkó, wọ́n dáhùn méjèèjì pọ̀, èrò ọjọ́ ọdún kò sì rí Bar Beach mọ́.

5.6 Ibi tí ilẹ̀ kò ti lọ

*Òṣogbo.* Igbó Ọ̀ṣun fẹ̀ tó hẹ́kítà 75, Odò Ọ̀ṣun kan náà tí wọ́n sé ní Aṣèjirẹ ló sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ní àwọn ọdún 1950, ọwọ́ agégẹdú, ọdẹ àti àwọn tó ń wá ilẹ̀ ti ń kan igbó náà. Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí ó dé Nàìjíríà ní ọdún 1950, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, dara pọ̀ mọ́ àwọn olórìṣà àti oníṣẹ́ ọnà ìlú. Wọ́n tún ojúbọ ṣe, wọ́n mọ ère sí ojú ààlà gan-an. Ère wọ̀nyẹn ṣe ohun tí òpó súfèyọ̀ ń ṣe: ẹni tó bá fẹ́ wọlé yóò mọ̀ pé òun ti dé ilẹ̀ tó ti ní ẹni tó ni ín. Ìjọba kéde igbó náà ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní ọdún 1965. Ní ọdún 2005, UNESCO kọ ọ́ sínú ìwé ogún àgbáyé. Igi kò ṣeé gé níbẹ̀, ẹja kò ṣeé pa. Ṣùgbọ́n ààlà kò lè dá omi tó ti dọ̀tí láti òkè dúró: ìwakùsà wúrà ní apá òkè odò ti sọ omi Ọ̀ṣun di pupa rúsúrúsú.

*Akínyẹlé.* Ọdún 1967 ni wọ́n dá IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tó 1,000 hẹ́kítà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́. Wọ́n fi apá kan sílẹ̀ ní igbó, pẹ̀lú adágún omi. Ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tí ó ń jẹ́ orúkọ Ìbàdàn nínú ìwé àwọn onímọ̀, *Malimbus ibadanensis*, tí kò sí níbòmíràn lágbàáyé yàtọ̀ sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ẹni tó bá dúró lẹ́bàá ọgbà náà yóò rí igbó ní apá kan, ilé ní apá kejì. Àpẹẹrẹ yìí ní ìbéèrè tirẹ̀: ọgbà tó dá agégẹdú dúró dá ọmọ abúlé tó fẹ́ ṣa ewé dúró pẹ̀lú.

*Chicago.* Ní Amẹ́ríkà, ìlú yìí wà létí adágún Michigan. Ní ọdún 1836, àwọn tó ń ya ilẹ̀ rẹ̀ sí púlọ́ọ̀tì kọ ọ́ sórí máàpù pé apá kan létí omi gbọ́dọ̀ wà lófìfo títí láé fún gbogbo ènìyàn, láìsí ilé. Ní ọdún 1869, ìjọba ìpínlẹ̀ gbé ìsàlẹ̀ adágún tó pọ̀ fún iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, ó sì yí ọkàn padà ní 1873. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà dájọ́ ní 1892 pé ìjọba kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ tọrẹ, nítorí pé àfisọ́wọ́ ni. Oníṣòwò kan, Aaron Montgomery Ward, fi nǹkan bí ogún ọdún bá ìlú náà ṣẹjọ́ nítorí ìlà kan tí wọ́n kọ sórí máàpù náà, ó sì borí. Ní ọdún 2016, olówó kan tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá sétí adágún náà pa èrò náà tì, ó sì gbé e lọ sí Los Angeles lẹ́yìn náà, nítorí pé ẹgbẹ́ ará ìlú gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù.

Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ìdájọ́ 1892 yìí sí ẹ̀gbẹ́ ìdájọ́ Olúwa ti 1921. Ìlú méjì tí kò mọ ara wọn, ọ̀rọ̀ kan náà.

5.7 Ohun tó wà lọ́wọ́ ará abúlé

Ní ọdún 2003, nínú ẹjọ́ tí Ìpínlẹ̀ Èkó pe ìjọba àpapọ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jù dájọ́ pé ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ ètò ìlú àti ilé kíkọ́. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti ìjọba ìbílẹ̀ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ bí ilé bá jẹ àlàfo odò.

Òfin Ẹ̀tọ́ sí Ìròyìn ti ọdún 2011 fún ẹnikẹ́ni láyè láti kọ̀wé béèrè ìwé lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba: ta ni ẹ fún láṣẹ láti kọ́lé sí etí odò yìí? Wọ́n ní ọjọ́ 7 láti dáhùn. Ẹni tó béèrè kò ní láti sọ ìdí tí ó fi ń béèrè.

Ní ọdún 2018, nínú ẹjọ́ tí ẹgbẹ́ kan pe NNPC, iléeṣẹ́ epo rọ̀bì ti ìjọba, nítorí epo tó ṣàn sínú odò ní Ìpínlẹ̀ Abia, ilé ẹjọ́ tó ga jù gbà pé ẹgbẹ́ tó ń jà fún àyíká lè pẹjọ́, bí kì í tilẹ̀ ṣe àwọn ni ìjàm̀bá náà kàn ju ẹlòmíràn lọ. Kí ìdájọ́ yìí tó wáyé, ìbéèrè “kí ni tìẹ níbẹ̀?” ló máa ń lé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ jáde.

Ṣùgbọ́n kí a tó dé kóòtù, ìwé ló kù. Ẹbí ní ìwé ilẹ̀ rẹ̀, ẹni tó rà á ní rísíìtì. Ọ̀nà odò kò ní nǹkan kan. Abúlé tí ó bá pe súfèyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ láti ya àwòrán ọ̀nà odò, ìsun, igbó àti àkùrọ̀ rẹ̀, tí baálẹ̀, àwọn mọ́gàjí, ìyálọ́jà àti àwọn ọ̀dọ́ fọwọ́ sí i, tí wọ́n sì fi ẹ̀dà rẹ̀ sí ìjọba ìbílẹ̀, ti ṣe ohun tí àwọn ará Chicago ṣe ní 1836.

5.8 Ìdánrawò

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ilẹ̀ ẹbí àti ilẹ̀ àjùmọ̀ní? Fi àpẹẹrẹ méjì láti abúlé rẹ gbe ìdáhùn rẹ lẹ́sẹ̀.

2. “Òfin 1992 kò lè rí etí odò abúlé.” Ṣàlàyé gbólóhùn yìí pẹ̀lú ìṣirò.

3. Báwo ni òkúta tí wọ́n tò ní ẹnu ọ̀sà Èkó láàárín 1908 sí 1912 ṣe kan Bar Beach? Ya àwòrán rẹ̀.

4. Kí ni àwọn ère ààlà igbó Ọ̀ṣun àti máàpù Chicago ti 1836 fi jọra?

5. *Iṣẹ́ àkójọ.* Ẹ pín ara yín sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni-márùn-ún. Ẹ lọ bá àwọn àgbàlagbà mẹ́ta ní àdúgbò yín, kí ẹ bi wọ́n pé: odò wo ni ẹ ń pọn nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, ọ̀nà wo ni ẹ ń gbà débẹ̀, kí ló wà lójú ọ̀nà náà báyìí? Ẹ rin ọ̀nà náà tí ó bá ṣì ṣeé rìn, kí ẹ ya máàpù rẹ̀, kí ẹ fi àmì sí gbogbo ibi tí ògiri ti dí i.

6. *Àríyànjiyàn.* Mọ́gàjí kan fẹ́ ta àkùrọ̀ kí ó lè fi owó rẹ̀ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún abúlé. Apá kan gbè é lẹ́yìn, apá kejì takò ó. Apá kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lo ìdájọ́ 1921 àti Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978.